Ìdérí Àmù Ìyá Àgbà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ yìí, mo ti fẹnu sọ ọ́ fún èèyàn tó pọ̀. Àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́, irọ́ ni mo pa. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn, kí ó wà níbì kan bó ṣe rí gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ ná. Inú máa ń bí mi. Kì í ṣe èyí tí wọ́n máa ń sọ pé inú ń bí gbogbo èèyàn o. Mo ti sọ fóònù mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì kì í tiẹ̀ ṣe fóònù mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ààfáà nà mí nílé kéwú, mo já pàṣán gbà lọ́wọ́ ẹ̀, mo sọ ọ́ sórí òrùlé, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo parí ilé ìwé gíga, tí kò síṣẹ́, wọ́n ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ kápẹ́ńtà lọ́dọ̀ bàbá kan tó wà ní òdìkejì títì wa ní Òwu, Abẹ́òkúta níbí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo lò. Ó ní kí n lọ ra ẹ̀wà wá fún òun, mo ní ṣé ẹ̀wà ni mo wá kọ́ ni. Bí mo ṣe kó ayùn mi nìyẹn o, mo sọdá títì padà sílé.

Àtìgbà yẹn, fóònù ni ọ̀gá mi. Mo máa ń wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń fi igi ṣe oríṣiríṣi, n ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, n ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, n ó wá lọ dán an wò. Ẹ̀yìn ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi, abẹ́ páànù tí wọ́n ń sá aṣọ sí tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn àtijọ́ kan ni mo gbé lé orí búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ni tábìlì iṣẹ́ mi. Ibẹ̀ hàn sí títì, torí náà gbogbo ohun tí mo bá ń ṣe, Bàbá Kápẹ́ńtà ń rí i láti iwájú ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀. Kò sì lè pa ẹnu ẹ̀ mọ́ rárá.

"Kápẹ́ńtà Fóònù! Ṣé bátìrì ṣì wà nínú iṣẹ́ òní?"

Èmi náà á dá a lóhùn. "Ẹ̀yin ẹ máa kan pósí yín lọ, sà!"

Bàbá náà á sì bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Kì í bínú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń gbé ilé náà pẹ̀lú wa. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti dé gáréèjì Kútọ̀, ó ti wọ bọ́ọ̀sì, ó dàṣálẹ́. Èmi àti Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, ló máa ń wà pẹ̀lú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́. Ọmọ yẹn ló rí ẹṣin pákó lórí fóònù mi lọ́jọ́ kan, èyí tí ọmọdé ń gùn, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, tó ń mì síwá mì sẹ́yìn. Ó fọwọ́ kan fóònù, ó ní, "Tèmi." Mo ní, "Tìẹ ni." Àṣé mo ti ṣèlérí nìyẹn. Gbogbo òwúrọ̀, kí n tó fọ ẹnu, "Ẹṣin mi dà?"

Mo wá sọ pé ó dáa. N ó ṣe é, n ó sì ṣe é débi pé bàbá òdìkejì yẹn á ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìtòrí tí wọ́n ti ń la pákó. Ó fún mi ní pákó àfárá tó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ oníṣẹ́, mo gbé e sẹ́sẹ̀ gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì títí dé Abẹ́òkúta, wọ́n ń bú mi, èmi náà ń bú wọn. Mo ya orí ẹṣin sórí páálí, mo gé e, mo gbé e lé pákó, mo fi ayùn tẹ̀ lé e. Orí yẹn jáde, mo gbé e sókè, mo ń wò ó. Bàbá Kápẹ́ńtà pariwo láti òdìkejì pé, "Ó káre! Ewúrẹ́ yìí á bímọ lọ́dún yìí!"

Mo sọ ọ́ nù. Mo gé òmíràn. Ìkejì yẹn jọ ẹṣin, àfi etí ẹ̀ tó gùn díẹ̀. Ẹsẹ̀ títẹ̀ yẹn ló dà mí láàmú jù. Méjì ni, ó sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ti ọ̀tún tẹ̀ ju tòsì lọ, ẹṣin wá ń mì bí ẹni tó mu ọtí. Mo ha á, mo ha á, mo gbé e sílẹ̀, mo tì í, mo tún ha á. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò lórí ẹsẹ̀ nìkan. Nígbà tó wá mì dọ́gba lọ́jọ́ Alámìísì, mo pariwo débi pé Ìyá àgbà jáde wá bi mí pé ta ló kú.

Mo sọ fún ọmọ yẹn pé, "Lọ́la, tẹ́ ẹ bá fi máa ti Jímọ́ọ̀ dé, ẹṣin ẹ á ti dúró."

Ìjókòó ló kù. Igi arère ni mo ní fún ìjókòó, torí ó fúyẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn, Ìyá àgbà wọ aṣọ funfun, ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, obìnrin kan nínú agboolé di òun náà lọ́wọ́ mú torí kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo gbé arère lé ẹ̀yìn ẹṣin, mo fẹ́ fi sùkúrù, ìṣó tí wọ́n ń yí wọlé, dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n sọ nínú fídíò pé kéèyàn kọ́kọ́ lu ihò. Mo mọ̀. Ìkánjú ni. Ìṣó yẹn wọlé dé ìdajì, pákó náà ní "kà!", ó là láti orí dé ìdí.

Láti òdìkejì ni mo ti gbọ́: "Bátìrì ti kú o!"

Mo gbé pákó tó là yẹn, mo là á mọ́ ògiri. Ó di mẹ́rin. Mo wá pákó mìíràn káàkiri ẹ̀yìn ilé, kò sí. Èyí tó kù tín-ín-rín jù. Òùngbẹ gbẹ mí, mo wọ yàrá Ìyá àgbà lọ mu omi.

Ẹ gbọ́ nípa àmù yẹn. Fíríìjì wà nílé wa, àmọ́ gbogbo wa, omi àmù Ìyá àgbà la máa ń mu. Ó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀, lórí iyanrìn. Pákó ló fi ń dé e. Kì í ṣe ìdérí gidi, pákó pẹlẹbẹ kan tó nípọn, tí igun ẹ̀ ti dán, tí ihò kékeré kan wà lápá òkè ẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí pákó yẹn: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé e sílẹ̀. Tó o bá fẹ́ bu omi, orí àpótí ni o máa gbé e lé. Láti kékeré ni Ìyá àgbà ti ń gbá wa lórí nítorí ẹ̀. Èmi rò pé nítorí ìdọ̀tí ni.

Mo gbé pákó yẹn lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kápẹ́ńtà wò ó fúngbà àkọ́kọ́. Ó le. Ó wúwo. Kò tẹ̀, kò là, pẹ̀lú gbogbo omi tó ti ń mí sí i lára láti ọjọ́ yìí. Mo ní áà, irú èyí ni mo ń wá. Ihò tó wà lókè ẹ̀ gan-an, mo ní ibẹ̀ ni n ó ti so okùn ìjánu. Mo fi tírè dé àmù, mo gbé pákó jáde.

Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Kò tiẹ̀ sí lọ́kàn mi pé ó yẹ kí n bi ẹnikẹ́ni.

Mo gé e. Ìjókòó ẹṣin máa ń fún láàárín kí itan ọmọ lè gba ibẹ̀, torí náà mo gé apá ọ̀tún wọlé, mo gé apá òsì wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí mo lu ihò ìṣó sílẹ̀, mi ò tíì kàn án. Oòrùn pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sá a kó gbẹ dáadáa. Abẹ́ pákó yẹn, ìyẹn ojú tó máa ń dojú kọ omi, dúdú ni látijọ́ torí ọ̀rinrin. Oòrùn mú kó ṣí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kun fáníṣì sí i, abẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí fáníṣì ṣe ń wọ pákó yẹn lára, nǹkan ń yọ jáde. Ó kọ́kọ́ dà bí ipa ọ̀nà tí èèrà rìn. Ó wá di ìlà. Ìlà mẹ́ta, àwọ̀ ilẹ̀ pupa tó ti ṣá, ó lọ láti ọ̀tún wá sí òsì. Ohun kan nínú wọn tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, àmì kan wà lábẹ́ ẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi orí abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Mo mọ̀ pé kéwú ni. Mi ò lè kà á, torí mo ti sá nílé kéwú, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa rí i tí kò ní mọ̀. Mo dúró. Búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọkàn mi sọ pé, "Gbé e wọlé. Gbé e padà." Mo sì tún rò ó pé mo ti gé e, kí ni mo fẹ́ gbé padà? Pé àwọn ará mọ́ṣáláṣí ti fẹ́ máa jáde. Pé bàbá òdìkejì ti gbé àga síta láti wá wò mí.

"Kápẹ́ńtà Fóònù, kí ló dé tó o dúró? Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí ni?"

Ojú mi ṣókùnkùn. Mo sọ fún ara mi pé ìdọ̀tí ni. Mo sọ ọ́ síta, mo ní, "Ìdọ̀tí lásán." Mo mú sáńpépà, èyí tó rí gbágungbàgun jù, mo fi ha á. Ó le kó tó lọ. Àwọn ìlà yẹn ti wọnú igi lọ, wọn ò fẹ́ kúrò. Mo ha á títí apá ro mí. Ọkọ̀ ojú omi yẹn ló kúrò kẹ́yìn. Mo kun fáníṣì mìíràn lé e, ó mọ́ roro, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n máa fi dé, mo ti de ìjókòó mọ́ ẹṣin, ó ti dúró láàárín ẹ̀yìn ilé. Mo fi okùn ṣe irun ọrùn ẹ̀, mo fi bọ́tìnì ṣe ojú ẹ̀. Ìjókòó yẹn ò tíì gbẹ tán, àmọ́ ta ló lè dá ọmọ yẹn dúró? Ó já ọwọ́ gbà, ó sáré, ó fò lé e. Ó mì síwá, ó mì sẹ́yìn. Ẹ̀rín tó ń rín, àwọn ará ilé kejì yọjú. Bàbá Kápẹ́ńtà alára sọdá títì wá, ó fọwọ́ ti ẹṣin náà lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ etí sí bó ṣe ń mì, ó ní, "Hẹ̀n. Ó mì dọ́gba." Ìyẹn nìkan ló sọ. Orí mi wú.

Àárín ẹ̀ ni mo gbọ́ ìró tírè àti ohùn Ìyá àgbà láti inú yàrá ẹ̀.

"Ta ló gbé ìdérí mi?"

Mo ń tún okùn irun ẹṣin ṣe.

"Mo ní ta ló gbé ìdérí àmù mi o?"

Bàbá Kápẹ́ńtà ń wò mí. Inú ìyìn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ni mo wà, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bà á jẹ́. Mo pariwo dá a lóhùn, ìyá tó bí bàbá mi, mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ̀yin náà! Pákó lásán lẹ̀ ń pariwo lé lórí báyìí? N ó ra ìdérí rọ́bà fún yín ní Kútọ̀ lọ́la, ẹ jọ̀ọ́ jàre!"

Bàbá Kápẹ́ńtà ní, "Ṣé bó o ṣe ń bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀ nìyẹn?" Ohùn ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu ẹ̀.

Ìyá àgbà ń fi ọwọ́ wá ògiri bọ̀. Ó dé ìdí ẹṣin, ó fọwọ́ kan orí ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Etí ẹ̀ gùn ṣá." Ó fọwọ́ wá ọrùn, ó fọwọ́ wá okùn ìjánu, ó tẹ̀ lé okùn yẹn títí ó fi dé ibi tí mo so ó mọ́. Ìka ẹ̀ wọ inú ihò yẹn. Ó dúró síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì wá etí pákó náà, ibi tí mo gé wọlé, fáníṣì tútù yẹn lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ gbé ọmọ yẹn kúrò lórí bàbá mi."

Kò pariwo. Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ. Bàbá Kápẹ́ńtà ló gbé ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ọmọ ń sunkún, "Ẹṣin mi! Ẹṣin mi!"

Wàláà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá lọ sí ilé kéwú láyé àtijọ́ á mọ̀ ọ́n, pákó tí wọ́n máa ń fi tàdáwà kọ kéwú sí fún ọmọdé, tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n tán wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kọ òmíràn. Ti bàbá Ìyá àgbà ni. Ààfáà ni bàbá náà, agboolé tiẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin ò wọ́pọ̀ nílé kéwú nígbà yẹn, àmọ́ ó pe Ìyá àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó kọ ọ́ fún un lórí wàláà tòun alára. Ìgbà tó kọ ọ́ kẹ́yìn, àìsàn dá a dúbúlẹ̀, kò dìde mọ́. Ìyá àgbà kò jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Nígbà tí ibi ìdìmú ẹ̀ ṣẹ́, ó gbé e lé orí àmù, ó dojú ìkọ̀wé yẹn kọ omi. Ẹ mọ hàntú, omi tí wọ́n fi fọ wàláà tí èèyàn ń mu fún ààbò? Ìyá àgbà ní òun ò ní fọ̀ ọ́, àmọ́ omi á máa mí sí i, àwa á sì máa mu omi náà. Gbogbo wa. Èmi náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ó jókòó lórí àpótí ìṣó mi, ó sọ gbogbo èyí bí ẹni ń sọ ọ̀nà fún àlejò. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí apá ibi tí ohùn mi wà.

"Ọkọ mi. Ṣé o rí nǹkan kan lára ẹ̀?"

Mo ní, "Rárá, mà."

"Lábẹ́ ẹ̀?"

"Mi ò rí nǹkan kan, Ìyá àgbà. Pákó ni. Ó mọ́ fo."

Bàbá Kápẹ́ńtà fẹ́ tù ú nínú. Ó ní, "Màmá, tàdáwà ò lè dúró lára igi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, pàápàá lórí omi. Ó ti ṣí kúrò tipẹ́." Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé láti Èkó tó gbọ́, ohun tóun náà sọ nìyẹn. Ó ní, "Ìyá àgbà, ojoojúmọ́ la ń ṣí ìdérí yẹn, kò sẹ́ni tó rí ìkọ̀wé kankan níbẹ̀ rí." Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ìwọ, orí ẹ ò pé," àmọ́ ó gbà pé àìmọ̀ ni.

Ìyá àgbà ní, "Mo máa ń rí i nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tó bá gbẹ. Nígbà tí ojú mi ṣì dáa." Ó fọwọ́ ra ojú ẹ̀. "Àbí mo kàn rò pé mo ń rí i ni?"

Èmi tó yẹ kó dá a lóhùn ń ṣa ìṣó nílẹ̀.

Mo tú ìjókòó yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo gbé e padà sórí àmù. Kò bo ẹnu ẹ̀ mọ́, torí ibi tí mo gé wọlé. Àlàfo wà lápá ọ̀tún, àlàfo wà lápá òsì. Ìyá àgbà fi aṣọ funfun dí i. Mo lọ ra pákó mìíràn fún ẹṣin, ọmọ ń gùn ún, kò mọ ìyàtọ̀. Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Èmi náà sọ fún ara mi pé ó ti parí.

Ìgbà tó tó bí oṣù kan, ọmọ yẹn lọ bu omi. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó gbé pákó náà sílẹ̀, sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú omi tó dà. Mo sáré wọlé, mo jágbe mọ́ ọn pé, "Gbé e sórí àpótí! Ta ló ní kó o gbé e sílẹ̀?"

Ìyá àgbà wà lórí ẹní, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo, ó ń fi ìka wá òkúta inú ẹ̀. Kò gbé orí sókè. Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Pákó ni. Ìwọ náà lo sọ bẹ́ẹ̀."

Kì í ṣe èébú o. Ká ní èébú ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ń dá èébú padà. Ó gbà bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá tó gbá mi lórí fún ogún ọdún nítorí pákó yẹn ti gbà pé ohun tí òun ń ṣọ́ kò sí níbẹ̀, pé òun ti ń ṣọ́ pákó lásán láti ọjọ́ yìí bí òmùgọ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ títí di aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn.

Mo gbé pákó yẹn nílẹ̀, mo fi aṣọ ọrùn mi nù ún. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú Ìyá àgbà.

"Ìyá àgbà, mo rí i."

"O rí kí ni?"

"Kéwú yẹn. Ó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo kun fáníṣì, ó yọ. Mo mọ̀ pé kéwú ni. Mo fi sáńpépà ha á kúrò."

Ọwọ́ ẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Mo ń retí àwo yẹn lórí mi. Tó bá sọ ọ́ lù mí, ara á tù mí.

Ó ní, "Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Ìlà mélòó?"

"Mẹ́ta, mà."

"Báwo ló ṣe rí?"

Mo ní mi ò lè kà á, àmọ́ ọ̀kan tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, àmì kan wà lábẹ́ ẹ̀. Òun ló kúrò kẹ́yìn.

"Báù," ló sọ, orúkọ lẹ́tà kéwú kan. Ó gbé ọwọ́ jáde nínú ẹ̀wà, ó fi ìka ya ọkọ̀ ojú omi yẹn sórí orúnkún ara ẹ̀, ó tẹ àmì sábẹ́ ẹ̀. "Báù ni. Bàbá mi máa ń tẹ àmì ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó máa ń lu pákó." Ó tún ya á. Ojú ẹ̀ yí padà, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Inú ẹ̀ dùn, ẹ gbà mí gbọ́, inú ẹ̀ dùn, èmi sì wà níwájú ẹ̀ níbẹ̀, mo ń wá ihò tí mo lè wọ̀.

Ó gbé ohùn sókè pe ẹ̀gbọ́n mi, torí ọjọ́ Sátidé ni. "Ìwọ! Fi ọbẹ̀ sílẹ̀, wá gbọ́ ohun tí àbúrò ẹ rí!"

Ẹ̀gbọ́n mi wá pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Mo sọ ọ́. Ó wò mí títí, ọbẹ̀ ń kán sílẹ̀ láti orí ṣíbí. Ó ní, "O rí i, o ha á, o wá jẹ́ kí gbogbo wa máa sọ fún ìyá wa pé irọ́ ló ń pa?" Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi." Ó yíjú, ó padà sídìí iná. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyá àgbà ò tíì ṣe tán. "Dìde. Sọdá títì. Lọ sọ fún Kápẹ́ńtà. Òun ló ní tàdáwà ò lè dúró."

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Lọ."

Títì yẹn ò fẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ yẹn ó fẹ̀ ju odò lọ. Àwọn oníbàárà méjì wà lọ́dọ̀ Bàbá Kápẹ́ńtà, wọ́n ń wo bẹ́ẹ̀dì. Bó ṣe rí mi, ó ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ wò ó, ọ̀gá mi dé! Ṣé ẹ ti ra ẹ̀wà mi dé?" Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Bàbá, Ìyá àgbà ní kí n wá sọ fún yín pé ìkọ̀wé wà lára wàláà yẹn. Mo rí i. Ìgbà tẹ́ ẹ bi mí pé ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí ni, òun ni mo ń wò. Mo ha á kúrò."

Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀fẹ̀. Kò ṣẹ̀fẹ̀. Ó gbé ayùn ẹ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ìgbà téèyàn gbé ọmọ tó sùn sílẹ̀.

"O mọ̀ pé kéwú ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi sì wà níbí, mo ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́." Ó mi orí. "Tó bá jẹ́ pé o dúró kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni, kó o tó fi ayùn kan pákó inú ilé, o máa kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló ni ín. Ìyẹn la fi ń bẹ̀rẹ̀, ká tó dé orí ayùn. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra ẹ̀wà. Kó mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè."

Àtìgbà yẹn kò pè mí ní Kápẹ́ńtà Fóònù mọ́. Mo máa ń dúró dè é. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìyá àgbà wá sọ mí di nǹkan mìíràn. Àlejò kankan ò lè wọlé wá kí i kó má pè mí. Ààfáà mọ́ṣáláṣí wa, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, àwọn ìbátan láti Ìtòrí, gbogbo wọn. Á jẹ́ kí wọ́n mu omi àmù tán, á nawọ́ sí pákó tó fún láàárín yẹn lórí àpótí, á ní, "Bàbá mi kọ kéwú sára ẹ̀ kó tó kú. Ẹlẹ́rìí mi wà nílé." Á wá gbé ohùn sókè, "Ẹlẹ́rìí mi dà? Wá sọ ohun tó o rí."

N ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, n ó nu ìyẹ̀pẹ̀ pákó kúrò lọ́wọ́, n ó wọlé, n ó kúnlẹ̀, n ó sọ ọ́: ìlà mẹ́ta, ọkọ̀ ojú omi, àmì kan lábẹ́, àti bí mo ṣe ha á kúrò. Ìyá àgbà á máa mi orí, ìka ẹ̀ á máa ya á sórí orúnkún.

Kò sí àlejò tí kì í bèèrè. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá arúgbó kan ló bi mí. Ó fojú sùn mí, ó ní, "Nígbà tó o wá rí i, kí ló dé tó o fi ha á?"

Mo la ẹnu. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìyẹ̀pẹ̀ pákó lọ́wọ́ mi.

Ìyá àgbà ní, "Ẹ má bi í ní ìyẹn. Ohun tó rí ni kẹ́ ẹ bi í."